Àga Kejì Nínú Ọkọ̀ Pupa

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọkùnrin tó ní ìyàwó kan nílé, tó ní ìbejì tó ti tó lọ sílé ẹ̀kọ́, tí ìyá rẹ̀ ń gbé lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ló dédé ní òun fẹ́ ra mọ́tò elérò méjì. Elérò méjì péré! Awakọ̀ ọ̀kan, ẹni tó jókòó tì í ọ̀kan, ó parí. Ibi tó yẹ kí àga ẹ̀yìn wà, àyè tí kò gbà ju iṣu mẹ́rin lọ ni wọ́n fi síbẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rò? Èmi rò ó, mo tún un rò, ibì kan náà ni èrò mi ń já sí. Ta ni ẹnì kejì?

Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni, nígbà òjò. Ní Ẹdẹ là ń gbé. Agbaṣẹ́ṣe ni ọkọ mi, gọ́tà àti afárá kéékèèké ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀. Èmi, aránṣọ ni mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí mo ti lè rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Bí mo bá ti rán aṣọ ọmọdé jọ, mo máa ń bá lọ́rì kó o lọ sí ọjà Awo.

Òyìnbó méjì kan tó mọ ọkọ mi nídìí iṣẹ́ ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú wọn. Ọ̀kan ń bójú tó ọ̀nà, èkejì ń bójú tó omi ẹ̀rọ. Oníkálukú wọn ní mọ́tò kan tó fẹ́ tà, irú mọ́tò pẹlẹbẹ tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó fi ń sáré ìje. Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú méjèèjì, eruku ọ̀nà wa ti bá wọn sọ̀rọ̀ títí. Wọ́n gbé méjèèjì fún ọkọ mi pé kó gùn wọ́n wò, kó yan èyí tó bá wù ú. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ilé wa nìyẹn, tí gbogbo àdúgbò ya bò wá.

Ọ̀kan pupa fòò. Imú rẹ̀ gùn, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, kò sì ní òrùlé, aṣọ tapólì kan ni wọ́n máa ń fà bò ó bí òjò bá dé. Bó bá ń bú, ìyá ọkọ mi á ní kí wọ́n ti fèrèsé. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ní òrùlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe roboto bíi ti ahun, ẹ̀yìn yẹn náà sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Àwọn ará àdúgbò rẹ́rìn-ín títí. "Ṣé òyìnbó tó ṣe èyí mutí ni? Ó gbé ẹ́ńjìnnì síbi ẹrù!" Ìró rẹ̀ kò le, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fẹ́ òróró. Àwọn ọkùnrin pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń jiyàn látàárọ̀ dọ́sàn-án bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fẹ́ rà á fún.

Èmi kò bá wọn jiyàn. Mo dúró kí ọkọ mi wọ balùwẹ̀, mo mú tépù ìwọnṣọ mi, mo lọ wọn àga kejì. Ti aláwọ̀ ewé jẹ́ ogún íńṣì. Ti pupa jẹ́ íńṣì mẹ́rìndínlógún. Mo tún ti pupa wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, bóyá mo ṣì í kà. Mẹ́rìndínlógún náà ni.

Ìbàdí èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí jẹ́ íńṣì mẹ́rìndínláàádọ́ta nígbà náà, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìbejì ni mo bí. Aránṣọ kì í wo aṣọ kó má mọ ẹni tó lè wọ̀ ọ́. Mo wo àga yẹn, mo mọ̀ pé ẹni tí ìbàdí rẹ̀ bá ju mẹ́rìndínlógójì lọ kò lè jókòó síbẹ̀ kó mí dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kan ládùúgbò wa tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sí nínú ìwé mi. Ó yá! Mo ṣí ìwé ìwọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Àwọn mẹ́ta péré ni wọn kò tó mẹ́rìndínlógójì. Ọ̀kan jẹ́ opó arúgbó kan nínú ìjọ wa. Ọ̀kan jẹ́ ọmọge kan láti agbègbè Alájue tó ń múra ìgbéyàwó tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni tíṣà tuntun ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, ọmọge pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ìbàdí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọkọ mi ló sì ń tún gọ́tà ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe lọ́dún yẹn. Mo pa ìwé náà dé. Mo ní, "Hẹn-ẹ̀n."

Ẹ lè ní Oníbatísì ni wá, a kì í kó obìnrin jọ. Ẹ ṣeun. Mo mọ ẹni méjì tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní ilé kejì lọ́nà Òṣogbo.

Ọkọ mi ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá mi ọkùnrin pé kí wọ́n wá bá òun yẹ mọ́tò méjèèjì wò. Wọ́n ti wa lọ́rì ológun ní ilẹ̀ Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ mọ́tò tó lè purọ́ fún wọn. Nígbà tí òjò dá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a gbé méjèèjì lọ sí òkè kan lọ́nà Ara, níbi tí ilẹ̀ pupa ti máa ń yọ̀ bí ilá. Mo ní mo fẹ́ bá wọn lọ. Ọkọ mi wò mí tìyanu tìyanu, ó ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mo ní afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ lọ gbà.

Àbúrò ìyá mi yí méjèèjì po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Ibì kan náà ni agbára àwọn méjèèjì wà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì wọ́n lọ. Tiwájú, ọ̀nà nìkan ló ń yàn." Ìyẹn kò ṣàjèjì sí mi. Bí lọ́rì bá ń ti Awo bọ̀ lófìfo lásìkò òjò, awakọ̀ á ní kí gbogbo wa kó sẹ́yìn pátápátá, torí ẹ̀yìn tó bá fúyẹ́ kò lè mú ilẹ̀.

Àbúrò ìyá mi nìkan ló kọ́kọ́ gbé pupa gun òkè náà. Kò tíì dé àárín tí ìdí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó yọ̀ sọ́tùn-ún, ó yọ̀ sósì, ẹrọ̀fọ̀ ń fò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, wọlé wá jókòó." Mo fún ara mi mọ́nú àga burúkú yẹn, ilẹ̀kùn gún mi nítan kan, irin gún mi nítan kejì. Ẹ sì wá wò ó, mọ́tò náà gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni pé ilẹ̀ gbígbẹ ni! Àbúrò ìyá mi nawọ́ sí ọkọ mi láti òkè. "Ṣé o rí i? Ìdí ọkọ̀ yìí ni àga rẹ̀ wà. Ẹni tó bá wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló ń fẹ́. Bó bá ti ní ìyẹn, kò sí ọ̀nà tí kò ní rìn." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìdí mi ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, inú bí mi débi pé n kò fi etí sí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà sì ni ǹ bá fi etí sí.

Aláwọ̀ ewé gòkè láìní ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ti tẹ táyà mọ́lẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ní kọ́nà, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ ṣíwájú orí. Díẹ̀ ló kù kó já sínú gọ́tà tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ ṣe. Àbúrò ìyá mi jáde, wọ́n nu ojú. "Èyí kò nílò èrò," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n kò ní dárí ji awakọ̀ tó bá gbàgbé ara rẹ̀."

Ọkọ mi ní, "Pupa ló wù mí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò mú èyí tí kò nílò èrò? Àga rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní òrùlé."

Ó ní, "Èyí tó nílò èrò ló wù mí." Ó tún wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin sí i tó ti Òṣogbo dé, tó na ìborí sílíkì kan sí mi, aláwọ̀ aró tó ní òdòdó funfun wẹ́wẹ́. "Gbà, tìrẹ ni." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe Kérésì, kì í ṣe Àjíǹde. Ẹ̀yin obìnrin ilẹ̀ wa, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Bí ọkùnrin bá fẹ́ mú ìyàwó tuntun wálé, á kọ́kọ́ fi nǹkan tu ìyálé lójú, kó tó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bàbá mi ra aṣọ òkè fún ìyá mi lọ́jọ́ kan, inú ìyá mi dùn, ó ń fi han gbogbo agbo ilé. Ọjọ́ keje ni wọ́n gbé ìyàwó wọlé. Mo gba ìborí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ẹ ṣé. Mo tì í sísàlẹ̀ àpótí.

Lẹ́yìn náà, a kò rí ọkọ̀ pupa mọ́ níwájú ilé. Ọkọ mi ní wọ́n ń tún nǹkan ṣe lára rẹ̀. "Kí ni wọ́n ń tún ṣe?" "Nǹkan kékeré kan ni." Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ! Mo lọ ra òwú, mo sì gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta òwú. Ọkọ̀ pupa rèé lábẹ́ igi ọdán, láàárín ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Bí mo ṣe dúró tí mò ń wò ó, agogo lù, tíṣà pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà sì jáde síta. Mo yí padà kó má bàa rí ojú mi. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù lọ ni ti ìwé ìwọ̀n mi. Ojú ewé àkọ́kọ́ inú rẹ̀, ìwọ̀n ara èmi fúnra mi ló wà níbẹ̀. Mo ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti fà á ya! Kí ẹ lè mọ̀ bó ṣe rí lára mi, nígbà tí kò tíì sí tépù, okùn ni wọ́n fi ń wọn èèyàn, ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí aránṣọ kankan mú okùn ìwọ̀n wọn lọ sílé. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ìwọ̀n rẹ lọ́wọ́, ó lè fi dí ọ lọ́nà, àfi kí o sun okùn náà níná. Èmi tí mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ti ń rẹ́rìn-ín irú ọ̀rọ̀ yẹn, mo gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ta ló fẹ́ fi ìwọ̀n mi ṣe kí ni? Ṣé wọ́n fẹ́ kí n kúrò kí àyè lè gba ẹlòmíràn ni?

Mo ní màá dẹ pàkúté fún un. Aṣọ tí tíṣà náà fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìsìn àwọn ọmọdé wà lórí ẹ̀rọ mi, kọ́là rẹ̀ nìkan ló kù. Mo yọ ìborí sílíkì jáde, mo fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì. Ìdajì kan ni mo fi ṣe kọ́là fún un. Nígbà tó wá gba aṣọ, mo ní mo fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ọmọ náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun o, ẹ kò ní rí ìbànújẹ́." Mo ní àmín, n kò wo ojú rẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé bí ọkọ mi bá rí ẹ̀bùn rẹ̀ lọ́rùn obìnrin tó tìtorí rẹ̀ rà á, ojú rẹ̀ á sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Tíṣà jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, sílíkì aláwọ̀ aró ń dán lọ́rùn rẹ̀. Èmi kò wo pásítọ̀, ọkọ mi ni mò ń wò. Ó rí i. Orin bẹ̀rẹ̀, kò ṣí ìwé orin rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọrùn ọmọbìnrin yẹn, ó wò ó títí, ó yíjú wò mí, ó tún padà wò ó. Ó ti hàn! Mo ti mú un!

A ò tíì bọ́ bàtà tán nílé tí mo fi la ẹnu, níwájú ìyá rẹ̀. "Ẹ lọ mú un wálé! Ẹ jẹ́ kó wá jókòó sínú àga rẹ̀! Ẹ ti wọ̀n ọ́n fún un, ó bá a mu! Ìwọ̀n tèmi tí ẹ fà ya, ta ni ẹ gbé e fún? Ẹ rò pé mi ò fura ni?" Mo sọ̀rọ̀ débi pé àwọn ìbejì sá lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Ìbejì, fara balẹ̀, ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó." Mo ní kó fọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kó fọ́!

Ọkọ mi dúró títí mo fi sinmi. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. "Ìborí tí mo rà fún ọ, ìwọ lo gé e?"

"Èmi ni mo gé e! Ṣé ó dùn yín?"

Ó ní, "Ó dáa." Ó wọlé lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó dá aláwọ̀ ewé padà fún òyìnbó tó ni ín. Ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn, ọkọ mi ta pupa fún un, ó wà á lọ. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti di tiwa. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mò ń wò ó bó ṣe ń lọ, mo ní mo ti ṣẹ́gun.

Ọjọ́ kẹta ni ọkùnrin tó ń rán awọ sí àga mọ́tò yà sílé wa. Mùsùlùmí ni, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn agbo ilé àtijọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ó kí mi dáadáa, ó wá mú bébà kan jáde látinú àpò agbádá rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, Bàbá Ìbejì gbàgbé èyí sọ́dọ̀ mi. Mo ní kí n dá a padà, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n èèyàn kì í ṣe nǹkan tí à ń jù sílẹ̀."

Ojú ewé mi ni. Wọ́n ti ya àwòrán àga sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kọ mẹ́rìndínlógún, wọ́n fagi lé e, wọ́n kọ ogún sí i. Mo ní, "Kí lèyí?"

"Háà, àga tí wọ́n ní kí n fẹ̀ fún yín ni. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ẹ gun òkè lọ́nà Ara, ìrora ni ẹ fi jókòó, bẹ́ẹ̀ láìsí yín ọkọ̀ náà kò lè rìn. Mo sọ fún wọn pé àyè kò sí. Wọ́n ní kí n dín àga tiwọn kù kí tiyín lè tó. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín, àfi bí mo bá parí. Wọ́n tiẹ̀ lọ ra nǹkan tí ẹ ó fi wérí, torí afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ náà dà? Ṣé ẹ ti gùn ún?"

Mo gba bébà náà, mo ní ẹ ṣé. Nígbà tó lọ, mo sunkún sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi títí aṣọ tí mò ń rán fi tutù. Ojú tì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, ojú tì mí débi tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo kúnlẹ̀ fún un, mo na bébà náà sí i. Ó ní, "Dìde, ó ti tán." Ṣùgbọ́n kò tán, kì í tán bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá fẹ́ ra nǹkan fún mi, á kọ́kọ́ bi mí ṣé mo fẹ́ ẹ.

Tíṣà ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀ lọ́dún kejì, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ. Títí ó fi lọ ló ń wọ aṣọ yẹn, bó bá sì rí mi lọ́nà, á kúnlẹ̀. Ọkọ mi kò mú obìnrin kankan wálé títí ó fi kú.

Mọ́tò tó padà rà jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ń kó símẹ́ǹtì, iwájú rẹ̀ gba ẹni mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn òmìnira, a jọ ń lọ sí Òṣogbo nínú rẹ̀. Òjò ti rọ̀. Mo ti mú ìdajì ìborí tó kù, mo fi wérí, mo rò pé á sọ nǹkan. Ojú ọ̀nà ló ń wò. Ní kọ́nà kan, ọkọ̀ pupa náà ya wá kọjá. Mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ tì í nínú àga náà, síbẹ̀ àyè ṣẹ́kù. Bí wọ́n ṣe yà, ìdí ọkọ̀ náà yọ̀ lọ sọ́tùn-ún, awakọ̀ fà á padà tipátipá.

Ọkọ mi wò ó lọ. Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ti fúyẹ́ jù." Ó na ọwọ́ kọjá níwájú mi, ó yí gíláàsì fèrèsé mi sókè kí afẹ́fẹ́ má bàa fẹ́ sí mi. Mo fa ìborí náà wálẹ̀. Kò ká etí mi.